Fẹ́lóṣíìpù ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ lórí dátà ìdìbò káńsù: ṣé kí n gbà á?

Àdùkẹ́_Lágéré · 14 Oṣù Kẹwàá 2024, 8:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ará Ifẹ̀ àti Iléṣà tó wà níbí. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi òótọ́ pa mọ́ fún mi.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Lágéré tí mo ti ń tẹ̀wé, tí mo ń ṣe fọ́tòkọ́pì, tí mo sì ń bá àwọn ọmọ ọgbà di prọ́jẹ́ẹ̀tì wọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni àwọn kan kọ̀wé sí mi pé mo yege fún fẹ́lóṣíìpù, ìyẹn iṣẹ́ onígbà díẹ̀ tí wọ́n ń sanwó fún, tí mo ti fi orúkọ sílẹ̀ fún láti oṣù Keje. Oṣù márùn-ún ni, ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, ó sì máa parí lẹ́yìn ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ tí OSSIEC, àjọ ìdìbò ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, fi sí 22 Oṣù Kejì 2025. Iṣẹ́ mi ni pé kí n kó orúkọ gbogbo olùdíje jọ, ti alága àti ti káńsílọ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà ní Ifẹ̀. Kí n tún kó gbogbo ibùdó ìdìbò àti ibi tí wọ́n wà gan-an. Kí n wá tò ó sórí tébù kan tí ẹnikẹ́ni lè mú lọ́fẹ̀ẹ́, oníròyìn o, ẹni tó ń kọ áàpù o, láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnì kankan. Dátà gbangba ni wọ́n ń pè é.

Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi pé iṣẹ́ dátà ni, wọ́n ní, "Ṣé MTN ló gbà ọ́ ni?" Wọ́n rò pé màá máa rí nǹkan fi wo fídíò lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun tó ń kọ mí lóminú nìyí. Owó tí wọ́n máa san lóṣù ò ju ohun tí mo ń pa ní ṣọ́ọ̀bù láàárín ọ̀sẹ̀ méjì lọ, wọn ò sì dárúkọ owó ọkọ̀. Mo mọ Excel dáadáa, àmọ́ mi ò mọ kóòdù rárá. Èyí tó wá burú jù: lọ́dún tó kọjá mo lọ wá máàpù wọ́ọ̀dù sí ọ́fíìsì kan tí mi ò ní dárúkọ, fún oníbàárà mi kan. Mo lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n ní ẹni tí kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù wà lọ́wọ́ ẹ̀ ti lọ sìnkú ní Òṣogbo. Bí mo ṣe jáwọ́ nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé báyìí ni màá ṣe fún oṣù márùn-ún ńkọ́?

ỌmọỌgbà · 8:31 alẹ́

Ẹ gbà á, àǹtí! Mo fi orúkọ sílẹ̀ fún irú ẹ̀ lọ́dún tó kọjá, wọn ò mú mi. Ti kóòdù yẹn, ẹ fi mí sí i. Ibi tí wàhálà wà gan-an màá sọ tó bá dọ̀la, ìdánwò ń bẹ lọ́wọ́ mi.

ÌyáElélùbọ́ · 9:05 alẹ́

Ọmọ mi, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Ẹgbẹ́ tó bá wà ní ìjọba ìpínlẹ̀ ló sábà máa ń kó gbogbo ipò nínú ìdìbò káńsù, láti ìpínlẹ̀ kan dé èkejì. Kí a tó jáde dìbò ni ẹni tó máa wọlé ti wọlé. Ìwọ wá fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù rẹ pa lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀ nítorí orúkọ àwọn tí a ti mọ ìparí wọn? Ẹ má bínú sí mi o, èlùbọ́ ni mò ń tà, kò sẹ́ni tó ń fún mi ní fẹ́lóṣíìpù lórí ẹ̀.

Akọ̀wéTóFẹ̀yìntì · 15 Oṣù Kẹwàá, 6:40 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀. Ìyá Elélùbọ́, mi ò bá yín jà, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan: ta ni káńsílọ̀ tó jẹ kẹ́yìn ní wọ́ọ̀dù yín? Mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣe akọ̀wé ní ìjọba ìbílẹ̀, mo sì mọ̀ pé nínú ogún èèyàn tó máa ń wá bá wa torí gọ́tà, bóyá ni ẹnì kan fi ń mọ orúkọ káńsílọ̀ rẹ̀. Wọ́ọ̀dù 332 ló wà ní Ọ̀ṣun, nínú ìjọba ìbílẹ̀ 30. Ó tó káńsílọ̀ 332. Ẹ wá ibì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ ti lè rí orúkọ gbogbo wọn pọ̀, kí ẹ wá sọ fún mi.

Ọ̀rọ̀ ibùdó ìdìbò wá ni tèmi gan-an.

Ní 2003, wọ́n fi mí ṣe olórí ibùdó kan ní abúlé kan lójú ọ̀nà Òǹdó. Ohun tó wà lórí ìwé ni "Abẹ́ igi ọ̀dán, iwájú ilé Báálẹ̀." Òru la gba ẹrù ìdìbò, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí a fi dé ibẹ̀. Kò sí igi ọ̀dán. Wọ́n ti gé e láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kùkùté rẹ̀ gan-an ni ìyá kan gbé àdògán lé tó fi ń dín àkàrà. A ní ó dáa, ilé Báálẹ̀ dà? Ọmọkùnrin kan na ọwọ́ sápá òsì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ na ọwọ́ sápá ọ̀tún. Àṣé Báálẹ̀ ti wàjà, ìdílé méjì ló ń du oyè, onílé kọ̀ọ̀kan sì ní iwájú ilé tòun ni iwájú ilé Báálẹ̀. Kí ni mo ṣe? Mo gbé àpótí ìbò sí ẹ̀gbẹ́ kùkùté, alákàrà súnra díẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Títí di òní mi ò mọ̀ bóyá ibi tí a dìbò sí lọ́jọ́ náà bá ìwé mu.

Ibùdó 119,973 ni gbogbo Nàìjíríà ń lò láti 1996 wá. Ní 2021 ni INEC sọ ọ́ di 176,846, ti Ọ̀ṣun kúrò ní 3,010, ó di 3,763. Ọdún yẹn náà ni wọ́n kó ibùdó 749 lọ sí ibòmíràn. Lára wọn, 232 wà ní ilé aládàáni, 145 ní ààfin, 21 ní ṣọ́ọ̀ṣì, 6 ní mọ́ṣáláṣí, 9 ní ojúbọ. (Nígbà tí mo ka ti ojúbọ yẹn mo rẹ́rìn-ín. Ní Ifẹ̀ tiwa, ibo lèèyàn máa gbé àpótí sí tí kò ní sún mọ́ ojúbọ kan?) Ìwé olùdìbò INEC ni àjọ ìpínlẹ̀ náà ń lò fún ìdìbò káńsù. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni wọ́n sì gbé lọ sí ibùdó tuntun tí wọn ò gbọ́. Wọ́n á dé ibi àtijọ́ lọ́jọ́ ìdìbò, wọn ò ní bá orúkọ wọn, wọ́n á padà sílé. Ẹni tó bá tò ó sílẹ̀ kó ṣeé wá lórí fóònù ti gba ìrìn wọn là.

Torí náà, ọmọ mi, gba iṣẹ́ náà. Àmọ́ bi wọ́n ní nǹkan méjì: ta ló ń san owó ọ̀kadà, ta ló sì máa ni tébù náà lẹ́yìn ìdìbò.

Gbéborùn01 · 7:15 àárọ̀

[Alámòójútó ti yọ èyí kúrò. A ò sọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú níbí o, Gbéborùn. Ẹlẹ́ẹ̀kejì nìyí.]

TíṣàIléṣà · 12:20 ọ̀sán

Àdùkẹ́, ti ọ́fíìsì tí ẹ ń bẹ̀rù yẹn, ẹ jẹ́ kí ọmọ Ìjẹ̀ṣà kọ́ yín ní iṣẹ́ bàbá ẹ̀. Òṣómàáló! Àwọn bàbá wa á ta aṣọ láwìn, tó bá dọjọ́ owó, wọ́n á lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi san. Wọn kì í bú u, wọn kì í nà án. Wọ́n á kàn lóṣòó ni.

Òfin òmìnira ìsọfúnni ti 2011 ni òṣòó tiyín. Ọjọ́ méje ni ó fún ọ́fíìsì ìjọba láti dáhùn, bí wọ́n bá sì fi ohun tó yẹ kí wọ́n fún yín dù yín láìnídìí, ilé ẹjọ́ lè bu ìtanràn 500,000 náírà lé wọn. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ti jiyàn rí pé òfin àpapọ̀ kò de àwọn, torí náà ẹ má fi òfin halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bí mo ṣe ṣe é nígbà tí mò ń wá iye owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ kan nìyí: mo tẹ lẹ́tà ní ẹ̀dà méjì. Mo fún wọn ní ọ̀kan, mo na èkejì sí akọ̀wé pé kó lu òǹtẹ̀ sí i, kó kọ déètì, kó sì fọwọ́ sí i. Kò fẹ́. Mo rẹ́rìn-ín sí i, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo yọ ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í máàkì. Ó tó wákàtí méjì kó tó lu òǹtẹ̀ náà. Láti ìgbà tí òǹtẹ̀ ti wà lórí ìwé mi, kò sẹ́ni tó sọ fún mi mọ́ pé ẹnì kan lọ ìsìnkú. Ọjọ́ kọkànlá ni èsì dé. Ó pẹ́ ju bí òfin ṣe wí lọ, ṣùgbọ́n ó dé.

Ẹ kọ ohun tí ẹ ń fẹ́ kó ṣe kedere. "Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún mi ní àkọsílẹ̀ ìdìbò" kò lè mú nǹkan kan wá. "Orúkọ gbogbo olùdíje fún ipò káńsílọ̀ ní wọ́ọ̀dù báyìí báyìí, pẹ̀lú ẹgbẹ́ wọn, bí ẹ ṣe gbé e síta lọ́jọ́ báyìí", ìyẹn ni wọn ò ní rí ibi sá sí.

ÈèyànÌlúOyìnbó · 2:48 ọ̀sán

Mo ń kà yín láti Manchester. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí dùn jù níbí. Ní ìdìbò ìbílẹ̀ 2 Oṣù Karùn-ún ọdún yìí àti ti gbogbogbò ní 4 Oṣù Keje, káńsù kọ̀ọ̀kan ló gbé orúkọ olùdíje tiẹ̀ sórí wẹ́ẹ̀bù tiẹ̀, PDF ni ọ̀pọ̀ wọn, ẹlòmíràn á kàn ya fọ́tò ìwé náà ni. Àwọn aráàlú tó ń yọ̀ǹda ara wọn fún Democracy Club ló ń tẹ gbogbo ẹ̀ sí ojú kan. Mo bá wọn ṣe é rí. Òfin kan tí mo kọ́ níbẹ̀: ẹnì kan á tẹ̀ ẹ́, ẹlòmíràn á tún fi wé ìwé káńsù láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á tì í pa. Mo rò pé àṣejù ni títí tí mo fi rí i pé èmi fúnra mi ti fi ọkùnrin kan sábẹ́ ẹgbẹ́ tó ń bá jà.

Àdùkẹ́, bí ẹ bá máa dá ṣe é, ẹ wá ẹnì kejì.

ỌmọỌgbà · 11:55 alẹ́

Ìdánwò ti tán. Ẹ gbọ́ tèmi wàyí.

Mo ti fọwọ́ kan àwọn fáìlì ibùdó ìdìbò rí. Nọ́ńbà ibùdó kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìpele mẹ́rin: ti ìpínlẹ̀ (29 ni Ọ̀ṣun), ti ìjọba ìbílẹ̀, ti wọ́ọ̀dù, ti ibùdó fúnra rẹ̀. Ẹ ṣí i nínú Excel báyìí, 007 á di 7. Wọ́ọ̀dù 03-05 á di ọjọ́ kan nínú oṣù Karùn-ún. Ẹ tún tọ́jú fáìlì náà, ó parí, kò sí bí ẹ ṣe máa mọ ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kí ẹ tó lẹ ohunkóhun mọ́ ọn, ẹ yan kọ́lọ́ọ̀mù yẹn, ẹ sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ni, kì í ṣe nọ́ńbà.

Èyí tó wá jẹ́ ti àwa Yorùbá nìkan: ẹ wo orúkọ mẹ́ta yìí.

Iremo
Ìrẹmọ
Ìre̩mo̩

Ojú yín á sọ pé ibì kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, àdúgbò mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Àkọ́kọ́ kò ní àmì. Èkejì fi àmì kóńkó sábẹ́, ẹ̀kẹta fi ìlà kékeré sábẹ́, èyí tí kíbọ́ọ̀dù mìíràn máa ń gbé jáde. Ó tún kù o: Unicode, ìyẹn ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, ní ẹ gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n kò ní ẹ́ bẹ́ẹ̀, àmì òkè yẹn ní láti wá dá dúró lórí rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀nà méjì mẹ́ta ló wà láti tẹ lẹ́tà kan náà, gbogbo wọn á sì jọra lójú. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ka iye àdúgbò tó wà nínú fáìlì mi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ohun tó yẹ kó jẹ́. Odindi òru kan ni mo fi wá a. Ìwòsàn rẹ̀ ni kí ẹ ní kọ́lọ́ọ̀mù méjì: ọ̀kan tí orúkọ wà bí àjọ ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́, tí ẹ ò ní fọwọ́ kàn láéláé, ọ̀kan tí ẹ kọ dáadáa pẹ̀lú àmì. Nọ́ńbà ibùdó ni ẹ ó fi so wọ́n pọ̀, kì í ṣe orúkọ. Síkíríìpù tó ń sọ gbogbo àmì di oríṣi kan wà lọ́wọ́ mi, ìlà mẹ́fà ni, màá fi ránṣẹ́.

Ti ibi tó wà gan-an: ẹ má ṣe wò ó lórí Google Maps kí ẹ wá dà á kọ sórí OpenStreetMap, máàpù ọ̀fẹ́ tí àwọn aráàlú ń yà fúnra wọn. Wọn ò gbà á láyè, wọ́n sì lè yọ gbogbo iṣẹ́ yín. Ẹ rìn débẹ̀, ẹ dúró níta gbangba, kì í ṣe abẹ́ páànù, kí ẹ jẹ́ kí fóònù farabalẹ̀ kí ẹ tó kọ ọ́. Lágéré wà ní nǹkan bíi 7.49 sápá àríwá, 4.55 sápá ìlà-oòrùn. Bí ẹ bá gbé ti ẹ̀yìn síwájú, ẹ̀gbẹ́ Opobo létí òkun ní Rivers ni ibùdó yín máa bọ́ sí. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Ọ̀gá mi bi mí bóyá àwọn ẹja ló ń dìbò.

ÌyáElélùbọ́ · 16 Oṣù Kẹwàá, 7:02 àárọ̀

Ẹja 😂😂

Ó dáa, mo ti gbọ́. Bàbá Akọ̀wé, ẹ ti mú mi. Mi ò mọ orúkọ káńsílọ̀ wa. Ṣùgbọ́n, Àdùkẹ́, má gbé nọ́ńbà fóònù ẹnikẹ́ni síta o, má gbé ti olùdìbò, má gbé ilé wọn. Èyí ò ní dára rárá.

Agbẹjọ́rò_Ẹnuwá · 9:10 àárọ̀

Ìyá sọ òótọ́. Òfin ààbò dátà ti 2023 wà. Orúkọ olùdíje, ẹgbẹ́ àti ipò tó ń du, ti gbogbo ayé ni. Ìwé orúkọ olùdìbò kò rí bẹ́ẹ̀. Má kó o sórí tébù rẹ, kódà bí ẹnì kan bá gbé e fún ọ.

Akọ̀wéTóFẹ̀yìntì · 9:44 àárọ̀

Mo gbàgbé kiní kan. Ìjà 1997 láàárín Ifẹ̀ àti Mọ̀dákẹ́kẹ́, ibi tí wọ́n máa gbé oríkò ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀ sí ló dá a sílẹ̀. Nítorí náà, ibi tí àjọ bá kọ àdúgbò kan sí ni kí ẹ fi í sí. Ẹ má fi òye ara yín tún un pín, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé kan fi àwọ̀ kun máàpù náà.

Àdùkẹ́_Lágéré · 27 Oṣù Kẹwàá, 9:30 alẹ́

Ẹ ṣeun o, gbogbo yín. Mo ti gbà á, ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ bá wọn ná an bí ẹni ń ra iṣu. Mo bi wọ́n ní ìbéèrè Bàbá méjèèjì. Owó ọ̀kadà: wọ́n ti fi kún un, kò pọ̀, àmọ́ ó dé Ìpetumodù àti Ifẹ̀tẹ̀dó, àbọ̀ owó ìrìn ojú ọ̀nà Òǹdó ló kù sí mi lọ́rùn. Ti ẹni tó máa ni tébù: wọ́n kọ́kọ́ ní "ètò náà ni". Mo ní ètò náà máa tán ní oṣù Kẹta, Ifẹ̀ ò ní tán. A wá fẹnu kò pé ẹ̀dà kan á wà lọ́wọ́ mi, ẹ̀dà kan á wà ní ojú-òpó tí gbogbo ayé lè rí, ìwé àdéhùn sì sọ pé ẹnikẹ́ni lè máa tún un ṣe lẹ́yìn tí mo bá lọ. ỌmọỌgbà ni ẹnì kejì mi tó ń fi gbogbo ẹ̀ wé ìwé. Jọ́ọ̀nì, ọmọ ẹnu iṣẹ́ mi, ló ń dúró ti ṣọ́ọ̀bù ní Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀, ó sì ti ba kátírììjì kan jẹ́.

Mo ṣe òṣómàáló ní ọ́fíìsì ọjọ́sí. Mo gbé ìrẹsì dání. Ẹ̀rù bà wọ́n nígbà tí mo ṣí abọ́. Òǹtẹ̀ ti wà lórí lẹ́tà mi, mò ń retí èsì.

Mo ti rìn dé ibùdó mọ́kànlélógójì. Ọ̀kan wà tí mi ò rí. Ní Òkèrèwè ni, ohun tó wà lórí ìwé ni "Ilẹ̀ gbalasa, ẹ̀gbẹ́ ilé ìtajà kòkó." Mo wá a títí lánàá àti lónìí. Ta ló mọ ilé kòkó yẹn?

ÌyáElélùbọ́ · 9:51 alẹ́

Wọ́n ti wó ilé kòkó náà tipẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò báyìí ni, lẹ́yìn ọlọ. Má wọlé láti iwájú, ajá wọn ń gé èèyàn jẹ. Gba ẹ̀yìn ilé alágbàfọ̀ kọjá. Tó o bá dé ibẹ̀ kó o pè mí, màá jáde wá fi gbalasa náà hàn ọ́.